Ọwọ́ Ọ̀tún Lórí Bọ́tìnnì

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ tèmi. Nígbà tí mo bá ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa ń di máòsì mú. Òun làwọn oníbàárà máa ń wò, òun ni wọ́n máa ń yìn pé ó ní ẹ̀bùn. Kò sẹ́ni tó ń wo òsì. Bẹ́ẹ̀, orí kíbọọ̀dù lòsì wà ní gbogbo ìgbà, tó ń tẹ bọ́tìnnì ṣáá bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí òsì bá daṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, ọ̀tún á kàn jókòó máa woran ni.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Ká ní o tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé orí pépà, o ya ilé sí i. O tún tẹ́ òmíràn lé e, o ya igi sí ìyẹn. O tẹ́ ẹ̀kẹta, o ya èèyàn. Bó o bá wò ó látòkè, àwòrán kan ṣoṣo lo máa rí. Ṣùgbọ́n bí igi kò bá wù ọ́ mọ́, ọ̀rá igi nìkan lo máa yọ, ilé kò ní mì. Léyà là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bọ́tìnnì wà téèyàn fi ń darí wọn: èyí tó ń tẹ́ léyà tuntun, èyí tó ń gbé léyà kan gorí òmíràn, èyí tó ń tì í pa kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kàn án, èyí tó ń pa méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fi máòsì wá gbogbo ìyẹn kiri ojú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lórí. Èmi ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì ni mò ń tẹ̀.

Ìsọ̀ mi wà ní Àgó-Ìwòyè, lójú ọ̀nà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí kíláàsì. Mò ń ṣe páálí ìkéde fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, àwòrán inú ìwé ọmọdé, káàdì ìgbéyàwó, àti ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní àwọ̀. Ara bàbá mi ni mo ti mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fìgbà kan gbà pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Àtíìsì ni wọ́n ń pè é ní Òkè-Àgbò, níbi tí wọ́n bí gbogbo wa sí. (Ẹ má bínú pé mò ń pe bàbá mi ní “ó”. Ìjẹ̀bú ni wá, ojú rẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ “ẹ”.) Nígbà tí agbára ṣì wà, bóyá ni ẹ máa rí pátákó kan láti ilé wa dé Japara, ì báà jẹ́ ti ìsọ̀, ì báà jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á lọ sí Efire létí omi, á máa kọ àdúrà sára ọkọ̀ àwọn apẹja, á sì ya ẹja ọ̀bọ̀kún kan sí iwájú ọkọ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ á gùn dé ẹ̀gbẹ́. Bó bá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, á ní, “Ùwọ, ò ń pe ìyẹn ní uṣẹ́?” Á wá rẹ́rìn-ín, á bá tiẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò gba búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu ti yí díẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa nílé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹnu padà sípò, ẹsẹ̀ gbà kó máa fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ nìkan ni kò padà bọ̀ tán. Ìka méjì lè tẹ nǹkan, ọwọ́ náà sì lè gbé ara rẹ̀ lé orí tábìlì, ṣùgbọ́n kò lè di nǹkan mú kó má gbọ̀n.

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù kì í ṣe iṣẹ́ tó dúró. Oúnjẹ ni. Bàbá mi kò gbà láti fi ọwọ́ òsì jẹun. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀tún la fi ń jẹ, ọ̀tún la fi ń fún èèyàn ní nǹkan, ọ̀tún la fi ń gbà. Ohun tí òsì wà fún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àlùfáà àdúgbò wá bá a sọ̀rọ̀, ó ní Ọlọ́run kì í di ẹrù tí agbára ẹrú Rẹ̀ kò ká lé e lórí, ó ní ààyè wà fún aláìsàn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, kò sì yí padà. Ìyá mi ló wá ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní ìkọ́kọrẹ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Ìtìjú ìyẹn pọ̀ lójú rẹ̀ débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn kó tó la ẹnu. Bí àlejò bá dé, ebi ni á máa pa á títí àlejò á fi lọ. Ó ṣíwọ́ jíjókòó níwájú ilé. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá di ẹni tó ń wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú rẹ̀ sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì.

Ìgbà tó yá ni apẹja kan wá láti Efire. Oníbàárà bàbá mi ni látijọ́, gbogbo ọkọ̀ tó ti ní láyé rẹ̀, bàbá mi ló kọ ọ́. Ó gbé ẹja gbígbẹ wá fún ìyá mi, ó jókòó, ó ní wọ́n ń kan ọkọ̀ tuntun fún òun lọ́wọ́.

“Àtíìsì, ọ̀bọ̀kún yín ni mo wá bẹ̀.”

Bàbá mi fi ojú tọ́ka sí ọwọ́ tó wà lórí itan rẹ̀. “Ẹ wá ẹlòmíràn.”

“Mi ò wá ẹlòmíràn. Pákó ọkọ̀ ọ̀hún ò tíì gbẹ. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà àkọ́kọ́ tán, mo máa ránṣẹ́ sí yín.”

Bó ṣe jáde, bàbá mi kọjú sí ògiri. “Àánú mi ló ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá ti ń ṣàánú báyẹn, òkú ni, wọn ò tíì sin ín ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà sí Àgó-Ìwòyè, mi ò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo tú kọ̀ǹpútà, kíbọọ̀dù ńlá àti máòsì, mo gbé gbogbo rẹ̀ wá sí Òkè-Àgbò, mo tò ó sórí tábìlì tí ìyá mi fi ń lọ aṣọ. Mo sọ fún bàbá mi pé kó ya ọ̀bọ̀kún rẹ̀ níbẹ̀, pé màá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí páálí, màá gé e kí ojú àwòrán náà dá lu, kí wọ́n lè kun ọ̀dà gba inú rẹ̀ sára ọkọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé máòsì. Ìlà kan ṣoṣo ló fẹ́ fà. Ìlà náà wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, máòsì já bọ́ lórí tábìlì, ó ń fì dirodiro lórí wáyà rẹ̀.

Mo gbé máòsì náà, mo gbé e sí apá òsì.

“Bàbá, ẹ fi èyí gbìyànjú.”

“Rárá o.”

“Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

“Mo ní rárá. Ṣé ọwọ́ òsì ni mo máa fi kọ àdúrà sára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀? Bí wọ́n bá na nǹkan sí ùwọ lọ́wọ́ òsì, ṣé wàá gbà á?”

Mo fìbínú sọ fún un pé kó kúkú sọ pé òun ò fẹ́ ṣe é, kó yé fi ọwọ́ ṣe àwáwí. Ohùn mi ròkè débi pé àwọn ará ojúlé kejì á ti gbọ́. Ọwọ́ bàbá mi méjèèjì wà lórí itan, ó ń wò wọ́n bíi pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi wà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ wo lẹ fi ń wọ mọ́ṣáláṣí?”

“Ọ̀tún ni ná.”

“Òsì ńkọ́? Ṣé ìta lẹ máa ń fi í sí?”

Ìyá mi bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. “Ọ̀tún ló máa ń ṣíwájú, òsì á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kírun.”

Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, nǹkan ṣí lórí mi. Ṣé ẹ rí i, nínú ètò tí mo fi ń ya àwòrán, kéèyàn tó rí léyà tuntun, ìka mẹ́ta ló máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Kọntiróòlù, Ṣíífìtì àti N. Bó bá fẹ́ pa léyà méjì pọ̀, Kọntiróòlù àti E ni. Ìka bàbá mi ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ṣùgbọ́n ètò náà gba kéèyàn yan bọ́tìnnì tó bá wù ú. Àwọn nọ́ńbà sì wà lápá ọ̀tún kíbọọ̀dù, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè fara tì sí. Mo lé bàbá àti ìyá mi jáde nínú yàrá, mo jókòó, mo yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ́ńtà tó gùn jù ní igun, mo sọ ọ́ di léyà tuntun. Mẹ́jọ ń gbé léyà lọ sókè, méjì ń gbé e wá sísàlẹ̀. Márùn-ún tó ní kókó bíńtín lójú, tí ìka lè dá mọ̀ láìwò ó, ìyẹn ló ń ti léyà pa. Òdo ń pa á pọ̀. Àmì ìyọkúrò ń mú àṣìṣe kúrò. Bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ kan.

Mo pè é wọlé. Mo ní, “Bàbá, mo ti ti pépà ìsàlẹ̀ pa. Òsì ò lè fa ohunkóhun síbẹ̀ àfi bí ọ̀tún bá kọ́kọ́ tẹ́ léyà fún un. Ọ̀tún ló ń pàṣẹ.”

Ó wo kíbọọ̀dù náà títí. Ó fi òsì gbé ọ̀tún lé orí tábìlì, ó wá ọ̀nà fún ìka kan títí ó fi dé orí Ẹ́ńtà. Ó ní, “Bisimilahi.” Ó tẹ̀ ẹ́. Léyà tuntun yọ. Ìgbà yẹn ni òsì tó lọ di máòsì mú, tìtìjú-tìtìjú, bí ìyàwó tuntun tó ń wọ ilé àna.

Ẹ má rò pé ó dùn ún wò láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Òsì náà ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi mọ̀ ọ́n, ojú ló sì ń kọ́ ọwọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kun ìsàlẹ̀ ní búlúù tán, ó dìde, ó mú ọ̀pá.

“Níbo lẹ ń lọ?”

“Kó gbẹ ná.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dúró kí n rẹ́rìn-ín tán. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kun ọ̀dà, òun kì í fi àwọ̀ kejì lé èyí tí kò tíì gbẹ, òun ò sì ní torí kọ̀ǹpútà di oníwàdùwàdù lọ́jọ́ ogbó. Ó lọ kírun Alásárì, ó padà wá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, ó ní, “Ó ti gbẹ wàyí.” Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ̀ ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i pé àárẹ̀ tètè ń mú un, gbígbẹ ọ̀dà yẹn ló sì ń fún un ní ìsinmi tí kò ní tì í lójú.

Wàhálà tó le níbẹ̀ ni pé kò gbà kí òsì fa ìlà méjì lórí àṣẹ kan. Bí máòsì bá ti gbéra, ó di dandan kí ọ̀tún tún tẹ Ẹ́ńtà, kó tún ṣe Bisimilahi. Irùngbọ̀n kọ̀ọ̀kan ní léyà tirẹ̀, lẹbẹ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà ọkọ̀, títí dórí àmì tó wà lórí lẹ́tà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Bí èèyàn bá tẹ nǹkan, á lọ, á bọ̀, kó tó dáhùn. Mo kọ́ bàbá mi pé kó máa fi òdo pa wọ́n pọ̀.

“Bí mo bá pa wọ́n pọ̀, ṣé wọ́n ṣì lè yà?”

“Bí wọ́n bá ti pọ̀ tán, wọn ò yà mọ́.”

Ó ronú sí i. Láti ọjọ́ náà, kó tó kúrò nídìí iṣẹ́, á gbé gbogbo léyà ọjọ́ yẹn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi òdo sí i, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi í sílẹ̀ dọ̀la. Èmi tí mo máa ń pa léyà pọ̀ wàrà kí n lè tètè gbowó kí n máa lọ ilé, mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó dùn mọ́ mi láti wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wọlé. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bàbá mi wà lórí ojú ẹja, ojú ẹja ló sì máa ń fún un ní ìdààmú jù. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e lé etí àwo, ó ní Bisimilahi. Lẹ́yìn náà òsì kúrò lórí máòsì, ó mú àkàrà kan, ó gbé e sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo ojú ẹja. Ìyá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, àwọn èèyàn sì ń kọjá lójúde. Kò tì í. Ó lọ sí ilé ìdáná, mo sì gbọ́ tó ń fun imú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Bí mo bá fi lè sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, kò tún ní í ṣe é mọ́.

Ó parí ẹja náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bíi ti àtijọ́. Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹja tó mọ ibi tó ń lọ. Apẹja ránṣẹ́ láti Efire pé wọ́n ti kun ọ̀dà àkọ́kọ́. Mo ti fẹ́ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí mo rí i pé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ṣófo. Àwọn àtíìsì ìgbà tiwọn kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì kọ orúkọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i tó wù ú, á mọ ilé ẹni tó máa béèrè.

“Bàbá, ẹ ò tíì kọ orúkọ yín.”

“Uṣẹ́ òsì nìyẹn. Mi ò lè fi orúkọ mi sí i.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bínú. Èyí gan-an ló dùn mí. Mo rò pé a ti jọ kúrò níbẹ̀, àṣé ibẹ̀ náà la wà. Gbogbo ẹja yẹn, gbogbo àdúrà yẹn, ó kà á sí ohun tí ọwọ́ kan bá a ṣe, kì í ṣe òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà.

“Dúró ná,” ni bàbá mi wí. “Gbé máòsì yẹn sí ọ̀tún.”

Mo gbé e sí ọ̀tún. Ó tẹ Ẹ́ńtà. Lẹ́yìn náà ó fi òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí bọ́tìnnì, ó gbé e lé máòsì, ó sì fi òsì gba ọrùn ọwọ́ ọ̀hún mú kó má baà gbọ̀n jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ o. Lẹ́tà kan á wọ́ sókè, èkejì á jókòó sílẹ̀, ẹ̀kẹta á fẹ́ ṣubú lé èkejì. Ọkùnrin tí lẹ́tà rẹ̀ máa ń tò bí ọmọ ogun, orúkọ ara rẹ̀ wá dà bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ilé ìwé. Ìyá mi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán.

Ó jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Ó ku èmi àti kọ̀ǹpútà. Mo lè tẹ́ léyà kan lé orí ti orúkọ yẹn, kí n fi ọwọ́ tèmi tọ́ gbogbo rẹ̀, kí n pa wọ́n pọ̀. Kó tó mọ̀, wọ́n á ti kùn ún sára ọkọ̀. Ọwọ́ ń yún mi, iṣẹ́ mi kúkú nìyẹn, mi ò lè rí ohun tó wọ́ kí n má tọ́ ọ. Mo wo orúkọ náà títí. Mo wá tẹ márùn-ún, mo tì í pa.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí Efire. Ọkọ̀ tuntun náà wà lórí iyanrìn, wọ́n ti gbé e lé igi. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀ náà àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ páálí mọ́ ọn lára, wọ́n kun ọ̀dà gba inú rẹ̀, wọ́n rọra ṣí i. Ọ̀bọ̀kún yọ. Àwọn apẹja tó wà nítòsí hó yèè. Ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí bàbá mi, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú nínú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mì ín. Bàbá mi ò fà á sẹ́yìn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi igun ọ̀tún. Ó ń wo orúkọ yẹn, ó ń mi orí. Ó ní ó jọ pé páálí yẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ òun, ọ̀dà ò tíì gbẹ, kò ní í le láti tún un ṣe. Ó ti ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo, ó ti fà á yọ, kí bàbá mi tó dé ibẹ̀ tọ̀pá tọ̀pá.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Páálí ò yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ ọ́.”